Ta Ló Kọ́ Barcelona Àwọn Obìnrin?

Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, nílùú Budapest, Lyon ti ilẹ̀ Faransé lu Barcelona bí ẹni lu bàrà. Àṣekágbá Champions League àwọn obìnrin ni, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí ẹgbẹ́ kankan láti Sípéènì yóò dé ibẹ̀. Kí wọ́n tó lọ sinmi ìlàjì, góòlù mẹ́rin ti wà nínú àwọ̀n, Ada Hegerberg nìkan ló gbá mẹ́ta nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, akọ́nimọ̀ọ́gbá Lluís Cortés rán Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, wọlé, òun ló sì gbá ẹyọ kan ṣoṣo tí Barcelona rí lọ́jọ́ náà, nígbà tí ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú. Ọdún méjì péré lẹ́yìn ìyẹn, ní Gothenburg, ẹgbẹ́ kan náà yìí na Chelsea ní mẹ́rin sí òdo. Lọ́tẹ̀ yìí, Barcelona ló ń gbá mẹ́rin wọlé kí ìlàjì àkọ́kọ́ tó parí.

Kí ló wà láàárín lílù yẹn àti ìṣẹ́gun yìí? Mo bèèrè nítorí pé ìdáhùn tó wà lẹ́nu àwọn èèyàn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn kan ní owó ni, pé ẹgbẹ́ ńlá ni Barcelona, ẹni tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń rà. Àwọn mìíràn ní ọgbọ́n bọ́ọ̀lù tí Johan Cruyff fi lélẹ̀ ni, èyí tí wọ́n fi ń tọ́ àwọn ọkùnrin wọn láti kékeré. Àwọn tó kù á ní orí ló ṣe é, pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni Ọlọ́run rọ̀jò Alexia Putellas àti Aitana Bonmatí lé wọn lórí. Òótọ́ wà nínú gbogbo rẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ owó ni, kí ló dé tí ẹgbẹ́ tó lówó tó bẹ́ẹ̀ fi já sí ìpele kejì lọ́dún 2007? Bó bá sì jẹ́ orí ni, ẹgbẹ́ Rayo Vallecano ti Madrid náà ti ní àwọn olórí ire lọ́wọ́ rí. Ibo ni wọ́n wà lónìí? Lójú tèmi, ohun tó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù di iṣẹ́ olówó oṣù fún àwọn obìnrin wọ̀nyí, tí wọ́n ń ṣe é lójú oòrùn bí gbogbo òṣìṣẹ́ ṣe ń ṣe iṣẹ́ tiwọn. Ọjọ́ yẹn pẹ́ kó tó dé, àwọn tó sì jà fún un pọ̀ ju àwọn tí fọ́tò wọn wà lára ògiri lọ.

Ọdún 1970 ni ẹ jẹ́ ká ti mú un. Ọ̀gágun Franco ṣì ni aláṣẹ Sípéènì nígbà náà, inú ilé àti ìdí ọmọ ni ìjọba rẹ̀ sì fi obìnrin sí. Àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ náà kò ka obìnrin kún agbábọ́ọ̀lù rárá. Nínú irú àkókò yẹn ni ọ̀dọ́bìnrin kan, Immaculada Cabecerán, lọ bá ààrẹ Barcelona, Agustí Montal, pé òun fẹ́ kí ẹgbẹ́ ní agbábọ́ọ̀lù obìnrin. Wọ́n gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn kan tó jẹ́ ti àwọn olólùfẹ́ Barcelona, pé kí ọmọbìnrin tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i jáde wá. Wọ́n jáde. Antoni Ramallets, aṣọ́lé tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Barcelona ní àwọn ọdún 1950, ló ń kọ́ wọn. Nígbà tó di ọjọ́ Kérésìmesì ọdún náà, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ní Camp Nou pẹ̀lú àwọn obìnrin láti Centelles níbi eré àánú kan. Ọ̀mì ni wọ́n gbá, pẹ̀nárítì ni wọ́n fi borí.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé wọn jáde lọ́jọ́ náà. Orúkọ tí wọ́n fún wọn ni Selecció Ciutat de Barcelona, bí ẹni pé ìlú ló ṣà wọ́n jọ, tí ẹgbẹ́ kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni wọ́n wọ̀. Aṣọ aláwọ̀ búlúù àti pupa tí gbogbo ayé mọ̀ kò kàn wọ́n. Pápá tí wọ́n gbá a lórí rẹ̀ jẹ́ ti Barcelona, ẹni tó ń kọ́ wọn jẹ́ àgbà ilé Barcelona, síbẹ̀ ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi àwọn ọmọ náà sí. Lónìí, ẹgbẹ́ náà ń fi ọdún 1970 yangàn, wọ́n tiẹ̀ ṣe àjọ̀dún àádọ́ta ọdún rẹ̀. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń ka ìtàn náà má gbàgbé pé nígbà tí ìyá ń jẹ́ ìyá, wọn kò jẹ́ kó jẹ́ orúkọ ilé.

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Wọ́n di ẹgbẹ́ olólùfẹ́, wọ́n tún di Club Femení Barcelona, orúkọ ń yí, ibùjókòó kò dájú. Ọdún 1980 ni àjọ bọ́ọ̀lù Sípéènì tó gba obìnrin wọlé. Ife Ẹ̀yẹ Ayaba bẹ̀rẹ̀ ní 1983, líìgì gbogbo orílẹ̀-èdè sì tẹ̀ lé e ní 1988. Ní 1994, àwọn obìnrin tí Barcelona kò tíì gbà sọ́dọ̀ ara rẹ̀ gba Ife Ayaba náà. Ìgbà tó di sáà 2001–02 ni ẹgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ó dáa, ẹ wọlé.

Wíwọlé kò sì sọ wọ́n di ọmọ ilé lójú ẹsẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2006, Ronaldinho àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ife Yúróòpù; sáà tó tẹ̀ lé e gan-an ni àwọn obìnrin Barcelona já kúrò ní ìpele gíga. Abẹ́ òrùlé kan náà, orúkọ kan náà! Ẹni tó bá ní owó ẹgbẹ́ ńlá ló ṣe gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn. Owó wà nílé, wọn kò sì gbé e dé yàrá àwọn obìnrin. Lákòókò náà, Athletic Bilbao, Levante àti Rayo Vallecano ni ọ̀gá lórí pápá ní Sípéènì. Bí ẹ bá bi ọmọbìnrin kan ní 2008 ibi tó fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù, kò ní kọ́kọ́ dárúkọ Barcelona.

Ẹni tó kó wọn jáde nínú kòtò ni Xavi Llorens, tó gba iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ní 2006 tó sì wà níbẹ̀ títí di 2017. Kò pariwo. Wọ́n padà sí ìpele gíga ní 2008, wọ́n gba Ife Ayaba ní 2011, wọ́n sì gba líìgì lẹ́ẹ̀mẹ́rin léra wọn láti 2012 sí 2015. Àmọ́ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kan Champions League ní 2012, Arsenal nà wọ́n ní góòlù méje sí òdo bí a bá pa eré méjèèjì pọ̀. Ọ̀gá ilé ni wọ́n, àlejò ni wọ́n lóde. Melanie Serrano, adẹ́yìnmú apá òsì, wà níbẹ̀ ní gbogbo àkókò wọ̀nyí. Ó bá wọn já, ó bá wọn gòkè, ó gbá eré tó lé ní 500 fún ẹgbẹ́ yìí kan ṣoṣo kó tó fẹ̀yìn tì ní 2022. Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo ń gbẹ́ ère sẹ́nu ọ̀nà pápá wọn, òun ni mo máa kọ́kọ́ gbẹ́ ṣáájú Alexia. Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọlẹ́yìn Alexia.

Ọdún 2015 ni ìkóríta. Ọdún yẹn ni Barcelona sọ bọ́ọ̀lù di iṣẹ́ fún àwọn obìnrin wọn. Ṣáájú ìgbà náà, alẹ́ ni ọ̀pọ̀ ìgbáradì ń wáyé, lẹ́yìn tí onílé ìwé bá ti kúrò ní kíláàsì tí oníṣẹ́ sì ti kúrò níbi iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nínú ara ènìyàn. Ẹni tó ti fi ẹsẹ̀ dúró láti àárọ̀ ló tún ń sáré ní agogo mẹ́jọ alẹ́. Oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ di òru. Oorun rẹ̀ di wákàtí díẹ̀. Bí iṣan bá fà á, kò sí ẹni tó máa fi ọ̀sán gbáko bá a tọ́jú rẹ̀. Kò sí ọgbọ́n Cruyff tó lè bá irú ara bẹ́ẹ̀ gbé. Nígbà tí owó oṣù dé, ìgbáradì bọ́ sí àárọ̀, ọ̀sán di ti ìsinmi, ibi ìmárale, oníṣègùn iṣan àti fídíò àwọn alátakò sì wọ ètò ọjọ́ wọn. Ní 2018, ẹgbẹ́ náà ní onígbọ̀wọ́ tirẹ̀ níwájú ṣẹ́ẹ̀tì, ilé iṣẹ́ Stanley Black & Decker, tó yàtọ̀ sí ti àwọn ọkùnrin. Ó dà bí nǹkan kékeré lójú, àmọ́ ó fi hàn pé owó ti ń wọlé ní orúkọ tiwọn.

Síbẹ̀, Budapest ló fi hàn pé ọdún mẹ́rin iṣẹ́ àárọ̀ kò tíì tó. Lyon ti wà lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Barcelona kò purọ́ fún ara wọn lẹ́yìn rẹ̀: wọ́n mọ̀ ọ́n gbá, wọ́n mọ̀ ọ́n pín, agbára àti eré sísá ni Lyon fi gbà á lọ́wọ́ wọn. Cortés àti Markel Zubizarreta tó ń darí ètò bọ́ọ̀lù obìnrin níbẹ̀ gbájú mọ́ ìyẹn. Wọ́n mú Caroline Graham Hansen wá láti Wolfsburg, Jennifer Hermoso padà láti Atlético Madrid, Oshoala tí wọ́n kàn yá láti Dalian ní Ṣáínà sì di tiwọn pátápátá. Owó ńlá kò tíì wọ inú rẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ̀yìn tí wọ́n ti gba ife Yúróòpù tán ni wọ́n ra Keira Walsh ní 2022, ní iye tí ìròyìn ní kò sírú rẹ̀ rí nínú bọ́ọ̀lù obìnrin lásìkò náà.

Ọ̀rọ̀ Oshoala kàn wá, ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. FC Robo l'Ékòó ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba Rivers Angels kọjá, ó dé Liverpool, ó dé Arsenal, ó lọ sí Ṣáínà, kó tó dé Barcelona ní oṣù Kìíní 2019. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta níbẹ̀ nígbà tí Barcelona lọ bá Atlético nínú pápá ńlá wọn ní Madrid, níwájú òǹwòran 60,739. Òun ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé nínú méjì sí òdo tí wọ́n fi borí. Ohun tó mú wá sínú ẹgbẹ́ náà ni ohun tí àwọn tó dàgbà níbẹ̀ kò ní púpọ̀: eré sísá sẹ́yìn àwọn adẹ́yìnmú, kí bọ́ọ̀lù tó dé ni ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti lọ. Ní sáà 2021–22, góòlù 20 ló gbá ní líìgì, òun àti Geyse ti Madrid CFF ni wọ́n jọ pegedé. Nígbà tó fi máa lọ sí Amẹ́ríkà ní 2024, góòlù rẹ̀ fún Barcelona ti lé ní ọgọ́rùn-ún. Ó sì ń yà mí lẹ́nu pé ní ìlú tí àwọn ọmọkùnrin ti ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì Messi dé ojúbodè ọjà, díẹ̀ nínú wọn ló mọ̀ pé ọmọ àdúgbò wọn wọ aṣọ kan náà fún ọdún márùn-ún.

Àwọn tó ń wá ẹ̀rí ìtẹ̀síwájú fẹ́ràn láti máa dárúkọ Camp Nou. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 2022, ènìyàn 91,553 ló wá wo Barcelona àti Real Madrid; ní oṣù tó tẹ̀ lé e, 91,648 ló wá wò wọ́n pẹ̀lú Wolfsburg. Iye náà ga, ó sì dùn mọ́ni. Àmọ́ pápá tí wọ́n ń lò ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni Johan Cruyff, tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 6,000. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọjà ṣe ń tà, ọjọ́ lásán ni kó lọ, kó má lọ lọ́jọ́ àjọ̀dún.

Ìdí mìíràn wà tí n kò fi gbà pé ẹ̀bùn nìkan ló ṣe é. Ẹ wo Rayo Vallecano. Àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ni Vallecas ní Madrid, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì gba líìgì lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra wọn, ní 2009, 2010 àti 2011. Jennifer Hermoso gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ẹ̀bùn kò wọ́n wọn. Nígbà tí àwọn yòókù ń fi owó sí i, àwọn tó ń darí Rayo ń fà sẹ́yìn, títí ọ̀rọ̀ fi dé ibi pé ní sáà 2021–22, agbábọ́ọ̀lù wọn kan fara pa lórí pápá, àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ tí wọ́n ń bá figagbága ló wá tọ́jú rẹ̀, nítorí wọn kò ní tiwọn níbẹ̀. Òpin sáà yẹn ni wọ́n já. Ẹ̀bùn wà, ìtàn wà, dókítà kò sí.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn ti rí èyí kí àwọn aláṣẹ tó rí i. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní oṣù Kọkànlá 2019, àwọn obìnrin ìpele gíga ní Sípéènì daṣẹ́ sílẹ̀. Oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn tó fi owó oṣù tó kéré jù lélẹ̀, 16,000 yúrò lọ́dún, tó sì kan ọ̀rọ̀ ìsinmi ìbímọ. Líìgì náà di ti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní sáà 2022–23. Àwọn ìjà tó tẹ̀ lé e lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè ni gbogbo ayé wá gbọ́: ìkọ̀jálẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù 15 ní 2022, ife àgbáyé tí wọ́n gbà ní Sydney ní 2023, àti ìfẹnukonu tí ààrẹ àjọ wọn, Luis Rubiales, fi tipá ṣe sí Hermoso, èyí tí ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi fún ní 2025. Àwọn ọmọ Barcelona wà ní iwájú gbogbo ìjà yìí, mo sì gbà pé ìyẹn náà jẹ́ apá kan nínú ohun tó sọ wọ́n di ẹgbẹ́: wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń dúró papọ̀ níbi tí bọ́ọ̀lù kò sí.

Ẹ̀bi kan wà tí mo fẹ́ kà sí wọn lọ́rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn nìkan kọ́ ló ni ín. Ní sáà 2021–22, eré 30 ni wọ́n gbá ní líìgì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n borí, góòlù 159 ni wọ́n gbá wọlé. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Líìgì tí èsì rẹ̀ ti mọ́ láti oṣù Kẹ̀wàá kò lè fa òǹwòran, kò sì lè fún ẹni tó ń borí ní ìgbáradì tó péye fún Yúróòpù. Real Madrid, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní obìnrin ní 2020 lẹ́yìn tó gba ẹgbẹ́ Tacón mọ́ra, kò borí Barcelona rí títí di oṣù Kẹta 2025. Atlético, níbi tí Rasheedat Ajibade ọmọ Mushin ti gba Ife Ayaba ní 2023, ń gbìyànjú, àmọ́ ìgbìyànjú ò tíì di orogún.

Ní ti Yúróòpù, wọ́n ti sanwó ẹ̀kọ́ wọn tán. Ní Eindhoven ní 2023, Wolfsburg ti fi méjì sí òdo ṣáájú, Patri Guijarro dá méjèèjì padà, Fridolina Rolfö fi ẹ̀kẹta kún un. Ní Bilbao ní 2024, wọ́n na Lyon ní méjì sí òdo, Aitana ló gbá ìkíní, Alexia ló gbá ìkejì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa borí Lyon nìyẹn. Ballon d'Or 2021 àti 2022 jẹ́ ti Alexia, mẹ́ta tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti Aitana. Ọ̀nà tí àwọn méjèèjì gbà dé ibẹ̀ ló wù mí jù. Alexia, tí wọ́n bí ní 1994, ní láti kúrò ní Barcelona lọ́mọdé, ó lọ sí Espanyol, ó lọ sí Levante, kó tó padà ní 2012. Aitana, tí wọ́n bí ní 1998, wọlé lọ́mọdé kò sì jáde mọ́. Ọdún mẹ́rin péré ló wà láàárín wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé ní 2025 kò dán mọ́rán. Ní oṣù Karùn-ún 2025, ní Lisbon, Arsenal nà wọ́n ní ẹyọ kan sí òdo nínú àṣekágbá. Mariona Caldentey, tó lo ọdún mẹ́wàá ní Barcelona, wà nínú aṣọ Arsenal lọ́jọ́ náà. Lucy Bronze àti Keira Walsh ti lọ sí Chelsea, Rolfö lọ sí Manchester United, nítorí pé gbèsè tó wà lọ́rùn ẹgbẹ́ ńlá náà kò jẹ́ kí wọ́n lè náwó bí wọ́n ṣe fẹ́, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń san owó tó jọjú. Agbábọ́ọ̀lù àgbà 17 ni Barcelona fi bẹ̀rẹ̀ sáà 2025–26, àwọn ọmọ kékeré ló ń dí àlàfo. Vicky López wà lára àwọn èwe náà: Madrid ni wọ́n bí i sí, ọmọ Nàìjíríà ni ìyá rẹ̀, ó sì gba Kopa Trophy 2025 gẹ́gẹ́ bí èwe tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù láàárín àwọn obìnrin. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà náà. Iye tí Barcelona bá lè san fún irú rẹ̀ ló máa sọ bóyá iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015 ṣì ní olówó.